Akọ Ẹtu Tó Kọjá Ìlà Eérú

Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ ti inú ilé tó ní géètì ní Ajah wá kí wa, ẹ jókòó dáadáa. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé, Tèmi ọmọ ọmọ mi ni yóò sì kà á fún yín, nítorí pé ojú rẹ̀ dá ju tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi àti ìyá yín àgbà tí ẹ ti ń gbọ́ láti kékeré, tí ẹ sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Bí a bá jókòó sídìí oúnjẹ, tí ẹran ìgbẹ́ bá wà nínú ọbẹ̀, yóò wò mí, yóò ní, "Bàbá Fọlá, ta ló pe ẹtu ọjọ́ yẹn?" Èmi yóò ní, "Èmi ni." Òun yóò ní, "Ó dáa. Ẹ máa jẹun yín." Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Ẹ rò pé eré lásán ni. Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú eré náà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, ní ẹsẹẹsẹ, bí olùkọ́ wa ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ti ń sọ pé kí á máa to ọ̀rọ̀. Bí mo bá yà síbi tí kò yẹ kí n yà sí, ẹ mú sùúrù fún mi.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Lakowe. Ibi tí ẹ ń rí pápá gọ́ọ̀fù nísinsìnyí, tí koríko rẹ̀ tẹ́ bí ẹní tuntun, igbó ni. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, àwa sì wà láàárín, nínú iyanrìn àti àbàtà, lábẹ́ ọ̀pẹ. Inú igbó yẹn, ojú kò wúlò púpọ̀. Ewé ti dí gbogbo rẹ̀. Etí ni a fi ń mọ ọ̀nà. Bí o bá ń gbọ́ òkun ní etí ọ̀tún, o mọ̀ pé ìhà Eleko lò ń lọ. Bí ó bá bọ́ sí etí òsì, o mọ̀ pé ìhà Ajah ni o kọjú sí. Bàbá tó bí mi lè dúró lójú kan, kí ó ní, "Àwọn obìnrin ti ń gún iyán, ẹ jẹ́ kí á yára," nígbà tí èmi kò gbọ́ ohunkóhun ju ẹyẹ lọ. Lónìí, jẹnẹrétọ̀ ti gba gbogbo etí. Nígbà tí iná bá dé, tí wọ́n bá pa á, ẹ̀rù máa ń fẹ́ bà mí, nítorí ìdákẹ́jẹ́ náà máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ "ọlọ́dẹ" lóde òní, ẹni tó ń ṣí géètì, tó ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sínú ìwé, ni ẹ ń sọ. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọdẹ tiwa kì í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kì í sì í lé ẹran kiri. Ẹni tó bá ń sáré tẹ̀ lé ẹran, ẹ̀rín ni a máa ń fi í rín. Ẹ̀tù ìbọn ṣọ̀wọ́n, igbó sì dí. Pípè ni a máa ń pe ẹran kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ti ń pè é. Ẹtu ni ẹran tí à ń wí, ẹran kékeré aláwọ̀ eérú, tí ìwo akọ rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìwọ yóò fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e fún imú rẹ, ìwọ yóò pa ẹnu dé, ìwọ yóò wá rọra ti ohùn láti ọ̀fun gba imú jáde, kí ó máa gbọ̀n: ẹ̀ẹ̀ẹ̀n… ẹ̀ẹ̀n. Bí ọmọ ẹtu ti ń ké nìyẹn bí nǹkan bá di í mú. Akọ yóò gbọ́, yóò wá wò ó, pàápàá ní àkókò tí wọ́n ń gun abo, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó rọrùn láti sọ. Bí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá yín, ẹ ó rí i pé ohùn ẹni tí òtútù mú ni ẹ ó gbọ́.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá Sùlè, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọdẹ wa, pe ẹtu ní ọjọ́ kan lẹ́bàá àbàtà. Ó pè, ó pè, ó wá rí i pé ewé ń mì. Ó rẹ́rìn-ín sínú pé akọ ti dé. Òjòlá ni, ó nà gbọọrọ bí okùn ọkọ̀ ojú omi, òun náà ti gbọ́ pé ọmọ ẹtu wà nínú ìṣòro. Bàbá Sùlè sáré dé abúlé láìdé fìlà. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti fẹ́ gbéra ga láàárín àwọn ọdẹ, ẹnì kan yóò béèrè pé, "Bàbá Sùlè, fìlà yín ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nísinsìnyí, mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà. Ní abúlé wa, a kì í fún ènìyàn ní ìbọn kí ó tó mọ ẹran pè. Ẹni tó bá fẹ́ di ọdẹ yóò jókòó sídìí igi kan ní òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ṣófo. Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ wa, yóò bu eérú láti ìdí ààrò ilé rẹ̀, yóò fi fa ìlà gbọọrọ sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síwájú ẹni náà. Àwọn àgbà mẹ́ta yóò lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn wọn wọ igbó. Bí akọ ẹtu bá kọjá ìlà náà, tí a rí àmì pátákò rẹ̀ nínú eérú, ó parí: o ti di ọdẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹtu ọjọ́ náà. Ilé rẹ̀ ni yóò padà sí. Bí kò bá wá, ìwọ yóò tún padà wá ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni a máa ń gbà fún ènìyàn. Ẹni tí kò bá rí i ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò máa fi igi lu igbó fún àwọn ọdẹ títí tí yóò fi darúgbó, kò sì ní gbé ìbọn láé.

Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ìbọn rẹ̀ wà lára ògiri nínú ilé Olúọdẹ, tí a so mọ́ èèkàn, tí wọ́n ń fi epo pa lára. Ìbọn mi ni bí mo bá yege. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ àbúrò bàbá mi ni yóò gbà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá gba ẹnu ọ̀nà ilé Olúọdẹ kọjá ni mo máa ń rí i. Ohun tí mo ń wá kò ju èyí lọ: kí n gbé ìbọn bàbá mi sọ̀kalẹ̀ fúnra mi.

Ní ọdún kìíní, mo pè, ẹran sì dé. Òbúkọ ni. Òbúkọ ìyá kan ní abúlé wa ló já okùn, ó gbọ́ ohùn mi, ó bọ́ sí ojú ìlà, ó tẹ eérú, ó tún dúró jẹ koríko. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá Sùlè, tí ó ti ń wá ẹni tí yóò gba ẹ̀sín lọ́rùn rẹ̀, ní, "Ọdẹ ewúrẹ́! Ṣé kí á fún un ní ìbọn ni tàbí kí á fún un ní okùn?" Ní ọdún kejì, ẹ̀rù òbúkọ bà mí, mo lọ kúrò nítòsí abúlé, mo sì pè láìsinmi láti ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ títí oòrùn fi gun orí ọ̀pẹ. Eṣinṣin pàápàá kò wá.

Ọdún kẹta ń bọ̀. N kò sùn dáadáa mọ́. Mo máa ń wọ igbó lọ lọ́sàn-án láti dá nìkan kọ́ ohùn. Ní ọjọ́ kan, mo pè, mo sì gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀ẹ̀n. Ohùn náà mọ́, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo tún pè. Ó tún dáhùn. Mo dojú bolẹ̀, mo ń rákò lọ síbẹ̀. Bí mo bá dúró, yóò pè; bí ó bá pè, màá tún rákò. Iyanrìn wọ inú ẹ̀wù mi, ẹ̀gún fa orúnkún mi ya. Nígbà tí mo dé ìdí igbó kan, mo fi ìka méjì la ewé díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí etí ẹran náà. Gèlè ni mo rí. Ọmọbìnrin kan lóṣòó, òkìtì ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ṣì wà ní imú.

"Háà!" ni ó wí. "Ẹtu yìí mà wọ ṣòkòtò!"

Àbẹ̀kẹ́ ni, ọmọ Olúọdẹ. Mo dìde, mo ń gbọn iyanrìn nù. Mo ní, "Ìwọ lò ń ké láti àárọ̀ yìí?"

"Ta ni ìbá tún ké? Mo ń já ewé, mo gbọ́ ohùn kan tó ń jìyà. Mo ní kí n dá a lóhùn kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀."

"Ìyà wo? Ohùn ẹtu ni mo ń ṣe."

"Ẹtu wo ló ń ké báyẹn? Ò ń pè é bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi fẹ́ fi sílẹ̀ létí ọ̀sà. Kò sí ìsinmi, kò sí èémí. Èmi ìbá jẹ́ ẹtu, màá sá fún ẹ."

Obìnrin kì í pe ẹran ní ìgbà tiwa. Bàbá rẹ̀ ni ó ń gbọ́ ní ìdí ààrò nígbà tí bàbá náà bá ń kọ́ àwọn ọdẹ, ó sì kọ́ ọ sórí. Inú bí mi díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ẹlòmíràn tí màá bi. Mo jókòó. Mo ní, "Ó dáa, kọ́ mi."

Ó ní, "Pè lẹ́ẹ̀kan. Kí o wá dákẹ́. Ìgbà tí o bá dákẹ́ ló ń bọ̀."

"Kí ìdákẹ́ náà pẹ́ tó báwo?"

"Kí ó tó ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ àgbàdo kan tán."

"N kò ní àgbàdo lọ́wọ́."

"Fi ọkàn jẹ ẹ́! Ṣé èmi ni màá tún bá ẹ sè é?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò tíì gba ẹ̀kọ́ tó ju ìyẹn lọ, títí kan gbogbo ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo dàgbà tí mo padà sídìí ìwé. Ẹ wo ara yín. Ẹ ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn lórí fóònù, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹ ó tún fi òmíràn ránṣẹ́ pé kí ló dé tí kò fèsì. Bí ènìyàn ti ń lé ẹtu lọ nìyẹn.

Òwúrọ̀ ìgbà kẹta náà bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú ọdún àwọn ọdẹ. Abúlé ti ń dùn. Èéfín ẹran gbígbẹ ń jáde láti gbogbo àgbàlá, wọ́n ń rin ewùrà sílẹ̀ fún ìkókoré, àwọn tó ń ti ọ̀nà Eleko bọ̀ ti ń gbé ẹja dé. Mo jókòó sídìí igi. Olúọdẹ fa ìlà eérú, ó sì fọwọ́ kan èjìká mi. Bí mo ṣe máa ń sọ ìyókù fún yín nìyí: mo pè lẹ́ẹ̀kan, mo sì dákẹ́. Mo ń fi ọkàn jẹ àgbàdo náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ Bàbá Sùlè tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àbí ó ti sùn ni?" Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, mo tún jẹ àgbàdo mìíràn. A tún pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ewé sì mì. Akọ ẹtu jáde, imú rẹ̀ ń dán, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú lu ilẹ̀, pó, pó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó kọjá ìlà. Lẹ́yìn náà ni òórùn wa kàn án, ó fọn imú, fín-ín! Kò sí mọ́.

Àwọn àgbà sáré débi eérú. Àmì pátákò náà wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere, ó rí bí ẹyọ ẹ̀wà méjì tí a tò tira wọn. Bàbá Sùlè ló kọ́kọ́ gbé mi sókè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo na ọwọ́ sókè sára ògiri ilé Olúọdẹ, mo gbé ìbọn bàbá mi sọ̀kalẹ̀. Epo wà lára rẹ̀, ó fẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, gbogbo ènìyàn pariwo. Àjẹyó ni a jẹ ìkókoré ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo fẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó wọ ilé mi ni ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ta ló pe ẹtu ọjọ́ yẹn?" Mo ní èmi ni. Ó ní òun ń já ewé lẹ́yìn mi lọ́hùn-ún ní òwúrọ̀ náà, òun sì pè lẹ́ẹ̀kan. Mo ní n kò gbọ́ ohunkóhun.

Igbó náà ti lọ. Ẹgbẹ́ ọdẹ wa ti tú ká. Wọ́n ta ilẹ̀, katakátá dé, búlọ́ọ̀kù dé, a sì wá ń gbé ibi tí ẹ wá bá wa lónìí. N kò wá fi ẹkún ṣe é. Ilé tí ẹ ń gbé dára, omi ń yọ nínú rẹ̀, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni padà lọ máa bá òjòlá jà.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, Tèmi wá kí wa, ó ní kí òun, èmi àti ìyá yín àgbà jọ rìn díẹ̀ ní òwúrọ̀. A dé ibi ọgbà wáyà tí wọ́n fi yí pápá gọ́ọ̀fù náà ká ní Lakowe. Igbó díẹ̀ kù sí ẹ̀gbẹ́ omi níbẹ̀, tí wọn kò tíì gé. Tèmi ní, "Bàbá àgbà, ẹ pè é kí n gbọ́." Mo fún imú mi. Eyín iwájú mi ti lọ. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí ìkòkò ń hó. Ọlọ́dẹ kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yọjú, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní kò sí. Ìyá yín àgbà rẹ́rìn-ín, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó fi ìka méjì fún imú. Ẹ̀ẹ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó sì dákẹ́.

Tèmi fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè pé kí ó dúró. Àgbàdo kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́kàn mi nígbà tí ewé mì ní òdìkejì wáyà náà. Akọ ẹtu ni. Ó fi ẹsẹ̀ lu iyanrìn, ó gbé orí sókè, ó sì wo Àbẹ̀kẹ́. Kò wo èmi. Kò wo Tèmi tó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Etí rẹ̀ méjèèjì kọjú sí Àbẹ̀kẹ́ nìkan, títí tí ó fi padà sínú ewé.

Mo mọ ìwò yẹn. Mo ti rí i rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá tún ọ̀rọ̀ mi tò bó ti yẹ. Ní òwúrọ̀ ìgbà kẹta náà, mo pè lẹ́ẹ̀kan, mo pè lẹ́ẹ̀kejì, ohùn èkejì sì fọ́ mọ́ mi lọ́fun, ó dà bí ohùn òbúkọ. N kò lè pè mọ́. Ọwọ́ mi ṣì wà ní imú nígbà tí mo gbọ́ ìpè kẹta lẹ́yìn mi, ní ọ̀nà jíjìn, ó mọ́, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì dákẹ́. Nígbà tí akọ ẹtu náà kọjá ìlà, orí èjìká mi ni ojú rẹ̀ gbà kọjá. Àwọn àgbà kò rí ìyẹn. Eérú ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Olúọdẹ fà mí sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní, "Ìpè kẹta yẹn, ìwọ ni?" Mo wo ojú rẹ̀, mo rí ìbọn bàbá mi lọ́kàn mi. Mo ní, "Èmi ni, Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ohùn tó dára ni. Má jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ." Láti ìgbà náà ni n kò ti mọ̀ bóyá ìbọn ló ń wí tàbí ọmọ rẹ̀.

Bí mo bá jẹ́wọ́ nígbà náà, wọn ì bá gba ìbọn náà padà, ojú ì bá sì ti Àbẹ̀kẹ́ láàárín abúlé. Ẹ̀rù yẹn ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́. Ìbọn pàápàá ti dípẹtà. Ìtìjú ni ó kù, mo sì ti gbé e pẹ́ jù fún ohun tó fúyẹ́ tó báyìí. Ẹnu mi kò lè sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Tèmi, dúró níbí. Má tíì kà á lọ. Dákẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ àgbàdo kan tán, kí ìyá rẹ àgbà lè bi mí ní ìbéèrè rẹ̀.

Ó ti béèrè? Ó dáa. Máa kà á lọ, kí o sì kà á sókè:

Ìwọ ni, Àbẹ̀kẹ́. Mo gbọ́ ọ.